Stephen Keshi: Ẹ̀kọ́ fún Àwa Tí A Fẹ́ Yan Aṣáájú

Àsìkò tí a máa ń yan aṣáájú tuntun nínú ẹgbẹ́ wa ti tún dé. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí ní Samaru níbí nígbà tó bá ku díẹ̀ kí àwọn aṣáájú tó wà lórí oyè gbé iṣẹ́ sílẹ̀. A ó gbààwẹ̀, a ó sì gbàdúrà. Síbẹ̀, bí a bá ti jáde kúrò níbi àdúrà, orúkọ àwọn tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ náà ni a ó máa dá: ẹni tí ohùn rẹ̀ dùn, ẹni tí Òyìnbó dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀, ẹni tí a máa ń rí níwájú lọ́jọ́ọjọ́ Ìsinmi. Ẹni tó ń gbá gbọ̀ngàn ní ìdájí kí a tó dé kì í sí nínú àwọn tí a ń dárúkọ.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan tí kì í ṣe oníwàásù tàbí olùdásílẹ̀ ìjọ. Akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù ni. Stephen Okechukwu Keshi ni orúkọ rẹ̀, Big Boss ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì máa ń pè é. Ó ti kúrò láyé láti ọdún 2016, ọ̀pọ̀ wa ṣì kéré nígbà náà. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí yunifásítì yìí lè má mọ̀ ọ́n ju orúkọ tó wà lára pápá ìṣeré Asaba lọ. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe sọ ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù tó ti wó lulẹ̀ di ikọ̀ tó gba ife kò yẹ kó di ohun ìgbàgbé láàárín wa.

Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kìíní ọdún 1962 ni wọ́n bí i, ní Azare, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Bauchi lónìí. Ọmọ Ìlà-Oòrùn Àríwá ni níbi tí wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Illah, nítòsí Asaba ní Ìpínlẹ̀ Delta, ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kaduna, Kano tàbí Zaria, ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣàjèjì sí yín. Èkó ló dàgbà sí. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Saint Finbarr's ní Akoka, ilé-ẹ̀kọ́ tí òkìkí bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò kéré. Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sí ikọ̀ ACB ní Èkó, lẹ́yìn náà ló lọ sí ikọ̀ New Nigeria Bank ní Benin. Adílémú ni, ó ga, ó lágbára, ọ̀rọ̀ sì wà lẹ́nu rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi wọ ikọ̀ orílẹ̀-èdè, wọ́n sì fi jẹ balógun ikọ̀ náà nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin.

Ní ọdún 1985, ìjà ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti àwọn tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù nílẹ̀ wa lórí ọ̀rọ̀ ibùdó ìgbáradì, wọ́n sì fi òfin dè é. Ẹni tó jẹ́ balógun lánàá di ẹni tí kò rí ibi tí yóò ti gbá bọ́ọ̀lù nílé. Dípò kó jókòó kó máa sunkún, ó sọdá sí Abidjan ní Ivory Coast. Ibẹ̀ ló ti gbá bọ́ọ̀lù fún Stade d'Abidjan àti Africa Sports, ibẹ̀ náà ni ilẹ̀kùn Yúróòpù ti ṣí fún un. Ó lọ sí Lokeren ní Bẹ́ljíọ̀m, lẹ́yìn náà Anderlecht, níbi tó ti gba ife líìgì orílẹ̀-èdè náà ní 1991, kó tó kọjá sí Strasbourg ní Faransé. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló gba ojú ọ̀nà tó là yẹn lọ sí Bẹ́ljíọ̀m lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọn ló wá di ọ̀nà fún àwọn ẹlòmíràn.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1994, Nàìjíríà gba Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Tùnísíà. Zambia ni a nà ní àmì ayò 2 sí 1 ní àṣekágbá. Keshi ni balógun àwọn ọmọ ikọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò sí nínú àwọn mọ́kànlá tó bẹ̀rẹ̀ eré lọ́jọ́ náà. Ó ti ń dàgbà, àwọn tí ẹsẹ̀ wọ́n yá jù ú lọ ti dé. Ní ọdún yẹn kan náà, ó bá ikọ̀ lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Amẹ́ríkà, èyí tó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà yóò lọ, ẹyọ eré kan péré ló sì gbá níbẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ọkùnrin yìí mọ bó ṣe ń rí láti jẹ́ ẹni ńlá, kí ènìyàn sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì kó máa pàtẹ́wọ́ fún àwọn ọmọdé. Yóò wúlò fún un lọ́jọ́ iwájú.

Lẹ́yìn tó fi bọ́ọ̀lù gbígbá sílẹ̀, ó kọ́ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ní Amẹ́ríkà. Ó padà wálé, ó ṣe igbákejì fún Amodu Shaibu nínú ikọ̀ Super Eagles, ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí ikọ̀ náà ṣe ipò kẹta ní Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ọdún 2002. Wọ́n lé gbogbo wọn kúrò lẹ́yìn ìdíje náà. Ní 2004, orílẹ̀-èdè Tógò pè é. Ta ló ń ka Tógò kún nínú bọ́ọ̀lù nígbà náà? Orílẹ̀-èdè kékeré ni, kò sì tíì lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé rí. Inú ìsọ̀rí kan náà ni Tógò àti Senegal wà, Senegal tó ti nà Faransé tó sì dé ìpele kẹjọ tó kẹ́yìn ní 2002. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹwàá ọdún 2005, Tógò na Congo ní Brazzaville ní 3 sí 2, wọ́n sì gba ìwé ìrìnnà sí Jámánì. Senegal jókòó sílé.

Ṣùgbọ́n Keshi kò bá wọn dé Jámánì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2006, Tógò pàdánù eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n gbá ní Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Íjíbítì. Ìjà tún wà láàárín òun àti Emmanuel Adebayor, ìràwọ̀ ikọ̀ náà. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbé e fún Otto Pfister ará Jámánì. Ẹni tó gbin àgbàdo kọ́ ló jẹ ẹ́. Ó lọ sí Mali lẹ́yìn náà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti lé e ní 2010.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wo bí ilé tirẹ̀ gan-an ṣe rí nígbà náà. Ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2010 ní Gúúsù Áfíríkà, Super Eagles pàdánù eré méjì, wọ́n sì ta ọ̀mì nínú ọ̀kan. Inú bí Ààrẹ Goodluck Jonathan débi pé ó kéde pé ikọ̀ náà kò ní bá ayé gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún méjì, kó tó yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹwàá ọdún 2011, ní Abuja, ní ojú gbogbo wa, Nàìjíríà ta ọ̀mì 2 sí 2 pẹ̀lú Guinea, bẹ́ẹ̀ ni a kò fi lè lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ọdún 2012. Àwọn agbábọ́ọ̀lù wa kò burú. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Rọ́ṣíà kún inú ikọ̀ náà. Ohun tó bàjẹ́ ni pé orúkọ ni wọ́n fi ń wọ ikọ̀. Bí ènìyàn bá ti wà ní kíláàbù ńlá, àyè rẹ̀ ti dájú, ì báà sá eré tàbí kó má sá.

Oṣù Kọkànlá ọdún 2011 ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún Keshi. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó wo ilé. Líìgì tiwa níbí, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò, níbẹ̀ ló ti lọ ń wá ènìyàn. Ó kó àwọn agbábọ́ọ̀lù inú ilé sí ibùdó, ó sì ń dá wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀pọ̀ ló fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní kí ni àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá gbígbẹ yóò rí ṣe níwájú àwọn ọ̀gá Áfíríkà? Ṣùgbọ́n nígbà tó kéde orúkọ mẹ́tàlélógún tí yóò lọ sí Gúúsù Áfíríkà ní 2013, mẹ́fà nínú wọn ló wá láti líìgì wa: Chigozie Agbim, Azubuike Egwuekwe, Godfrey Oboabona, Sunday Mba, Ejike Uzoenyi àti Reuben Gabriel tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Kano Pillars. Àwọn tí kò sí nínú rẹ̀ ńkọ́? Obafemi Martins, Taye Taiwo, Osaze Odemwingie. Orúkọ tó ń dún bí agogo.

Ẹ má ṣe rò pé nítorí kó lè bínú àwọn ẹni ńlá ló ṣe ṣe é. Ó mú Victor Moses, John Obi Mikel àti Vincent Enyeama dání, orúkọ wọn kò kéré. Ohun tó yí padà ni ìbéèrè tó ń bi ara rẹ̀. Kò bèèrè ta ni gbogbo ayé mọ̀. Ó bèèrè ta ni iṣẹ́ yìí ń jẹ lọ́kàn. Nígbà tí gbogbo ọmọ ikọ̀ rí i pé ìbéèrè náà ti yí padà, ìwà wọn náà yí padà. Ọmọ ilé mọ̀ pé bí òun bá ṣe dáadáa, òun lè wọlé. Ọmọ ìlú Òyìnbó mọ̀ pé bí òun bá fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, òun lè jáde. Joseph Yobo ni balógun ikọ̀ náà, ṣùgbọ́n Kenneth Omeruo, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, àti Oboabona ni wọ́n dúró sáàárín ẹ̀yìn. Yobo jókòó, kò sì dá ìjà sílẹ̀. Ta ló tún lè sọ fún balógun pé kó jókòó, kí balógun sì gbọ́, bí kò ṣe ẹni tó ti jẹ́ balógun tó sì ti jókòó rí?

Ìdíje bẹ̀rẹ̀, kò sì dùn. A ta ọ̀mì 1 sí 1 pẹ̀lú Burkina Faso, àwọn ni wọ́n dá góòlù náà padà nígbà tí eré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. A tún ta ọ̀mì 1 sí 1 pẹ̀lú Zambia. Góòlù méjì tí Victor Moses fi pẹnáritì gbá wọlé ní ìparí eré pẹ̀lú Etiópíà ló yọ wá. Ivory Coast ló kàn, ikọ̀ Didier Drogba àti Yaya Touré. Ní ilé, àwọn ènìyàn ti ń palẹ̀ ẹrù ikọ̀ náà mọ́ lọ́kàn wọn. Ọ̀rọ̀ sì ń jà ràn-ìn pé wọ́n fẹ́ rọ́pò akọ́nimọ̀ọ́gbá.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejì, ní Rustenburg, Emmanuel Emenike gbá ti àkọ́kọ́ wọlé. Ivory Coast dá a padà. Nígbà tó ku bí ìṣẹ́jú méjìlá, Sunday Mba, ọmọ tí Keshi rí nínú líìgì wa, gbé bọ́ọ̀lù, ó sáré bọ̀ láàárín àwọn ọ̀gá wọ̀nyẹn, ó sì gbá a. Bọ́ọ̀lù wọlé. 2 sí 1. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, a na Mali ní 4 sí 1. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejì ọdún 2013, ní Johannesburg, a tún pàdé Burkina Faso ní àṣekágbá. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà náà, mo sì rántí bí gbogbo àdúgbò wa ṣe kó ara wọn jọ síwájú tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo, tí jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn ilé. Kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, bọ́ọ̀lù bọ́ sí ọ̀dọ̀ Mba. Ó gbé e kọjá lórí ẹni tó dúró níwájú rẹ̀, kò jẹ́ kó balẹ̀ dáadáa kó tó gbá a wọlé. Ẹyọ kan yẹn ló parí eré. Ọdún mọ́kàndínlógún ti kọjá tí a ti gba ife náà gbẹ̀yìn. Yobo ló gbé e sókè.

Bí Keshi ṣe di ẹni kejì tí yóò gba ife yẹn gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù àti gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá nìyẹn, lẹ́yìn Mahmoud El-Gohary ará Íjíbítì. Ní ọjọ́ kejì, ó kéde pé òun fi iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí ó dùn ún pé wọn kò fọkàn tán òun nígbà tí nǹkan le. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó sì padà. Kì í ṣe áńgẹ́lì. Ó máa ń gbóná, ó sì máa ń ṣorí kunkun.

Síbẹ̀, ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn rẹ̀ kì í ṣe ife náà. Ọ̀rọ̀ òun àti Osaze Odemwingie ni. Nígbà tí Keshi yọ Odemwingie kúrò ní 2013, ó dun ọkùnrin náà gan-an. Ó gbé ẹ̀dùn rẹ̀ jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí gbogbo ayé ti kà á. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa níbí, ẹ mọ̀ pé ó ti tán. A ó máa kí ara wa ní ẹnu ọ̀nà ni, orúkọ onítọ̀hún kò sì ní jáde mọ́ títí yóò fi gboyè. Keshi sì ti gba ife láìsí ọkùnrin náà, kò sí ohun tó tún ń wá lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2014, nígbà tí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ń bọ̀, wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ náà, Keshi sì pè é padà. Ó mú un lọ sí Brazil.

Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹfà ọdún 2014, ní ìlú Cuiabá, Nàìjíríà bá Bosnia pàdé. Láti 1998 ni a kò ti borí nínú eré kankan ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. 1 sí òdo ni eré náà parí sí. Ta ló gbá a wọlé? Odemwingie ni. Góòlù yẹn ló gbé wa dé ìpele mẹ́rìndínlógún, kí Faransé tó dá wa dúró ní 2 sí òdo.

Nígbà tí mo rò ó, ọkàn mi lọ sí ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù àti Jòhánù Máàkù. Máàkù fi wọ́n sílẹ̀ lójú ọ̀nà, Pọ́ọ̀lù sì kọ̀ láti mú un dání lẹ́ẹ̀kejì, débi pé òun àti Bánábà pínyà nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Pọ́ọ̀lù ti darúgbó sínú ẹ̀wọ̀n, Máàkù yìí kan náà ló ní kí wọ́n mú wá, nítorí ó wúlò fún òun. Kíkọ̀ tí Pọ́ọ̀lù kọ̀ ọ́ nígbà àkọ́kọ́ lè ní ìdí. Pípè tó pè é padà ni ó fi hàn pé kì í ṣe ìkórìíra. Aṣáájú tó mọ bí a ti ń yọ ènìyàn kúrò pọ̀. Ẹni tó mọ bí a ti ń pe ènìyàn padà ṣọ̀wọ́n.

Ìparí iṣẹ́ Keshi kò dùn bí àárín rẹ̀. Ikọ̀ tó gba ife ní 2013 kùnà láti lọ sí ìdíje 2015. Wọ́n lé e, wọ́n pè é padà, wọ́n sì tún lé e. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, àrùn jẹjẹrẹ mú Kate, ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ti jọ wà fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, lọ. Kò pé oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, Keshi náà kú ní Benin. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni. Ọmọ mẹ́rin ló fi sílẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ péré lẹ́yìn rẹ̀ ni Amodu Shaibu tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ náà kú. Ilẹ̀ Nàìjíríà sunkún lórí ẹni méjì nínú ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ̀yin ará, ìtàn náà nìyẹn. N kò sọ pé kí a sọ ẹgbẹ́ wa di ikọ̀ bọ́ọ̀lù. Ohun tí mo ń bẹ̀ wá ni pé, bí a ti ń gbàdúrà lórí àwọn tí yóò gba iṣẹ́, kí a rántí Sámúẹ́lì ní ilé Jésè. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ bà lé Élíábù tó ga tó sì dára ní ìrísí, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí Ọlọ́run ń wá wà ní ibi tí àwọn àgùntàn wà, tí wọn kò tilẹ̀ pè é síbi oúnjẹ. Sunday Mba tiwa wà níbì kan nínú ẹgbẹ́ yìí. Ó lè jẹ́ arábìnrin tó ń tò àga. Ó lè jẹ́ arákùnrin ọdún kejì tó ń lọ bẹ àwọn aláìsàn wò ní Shika láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun kejì ṣòro jù fún èmi fúnra mi. Odemwingie tiwa náà wà. Ẹnì kan ti bá wa ṣiṣẹ́ rí, ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀, ó sọ ohun tí kò yẹ kó sọ, àwa náà sì sọ ohun tí kò yẹ. Láti ìgbà yẹn ló ti ń gba ọ̀nà mìíràn bí ó bá rí wa lọ́ọ̀ọ́kán. Mo ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Mo ti ń kọ ìtàn yìí fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì mọ̀ pé n kò lè parí rẹ̀ láìlọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Lálẹ́ àná ni mo lọ. A kò tíì parí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó fún mi ní àga jókòó.

Kí Olúwa fún wa ní ojú tí a ó fi rí àwọn tí kò sí níwájú, kó sì fún wa ní ẹsẹ̀ tí a ó fi rìn lọ bá àwọn tó ti kúrò. Àmín.